Láti Ṣómólú dé Ìkógòsì lórí báìkì: ohun tí ojú mi rí

Ní 2019 tí mo ra báìkì mi àkọ́kọ́, Honda CBR 600 tókúnbọ̀, pupa fòò, mo gbé e lọ fi han màámi ní Ìkòròdú. Wọ́n yí i ká, wọ́n wò ó, wọ́n tún wo èmi náà, wọ́n ní "Gbogbo owó yẹn, ọ̀kadà lo fi rà?" Mo ní "Màámi, kì í ṣe ọ̀kadà o, páwà báìkì ni." Wọ́n ní "Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?" Mo ní méjì ni. Wọ́n ní "Ọ̀kadà ni." Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, pé a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, èmi náà ń ṣe àmín, àmọ́ lọ́kàn mi mò ń sọ pé màámi ò kàn mọ báìkì ni.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á mọ̀ pé látàárọ̀ dalẹ́ ariwo maṣíìnì ló wà létí wa, eruku pépà, òórùn íńkì, kọ́sítọ́mà tó fẹ́ gba iṣẹ́ lónìí tó jẹ́ pé àná ló yẹ kó ti mú un wá. Báìkì yẹn ni mo fi ń sinmi. Lọ́jọ́ Sunday tí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀, máa gba Third Mainland lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, máa yí padà wálé, ó tán. Odidi ọdún kan ó lé ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí mo sì gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n gùn. Kọ́sítọ́mà mi kan tí mo bá tẹ káàdì ìgbéyàwó ló rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù, ló ní òun náà ní ẹgbẹ́ tí àwọn jọ máa ń rìnrìn àjò, kí n wá.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ohun tí mo rò ni pé eré ni wọ́n ń sá. Àwọn tí mo bá níbẹ̀ ò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, ọ̀gá kan tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ládípọ̀, dókítà eyín kan, àwọn ọ̀dọ́ bíi mélòó kan, àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, báìkì kékeré kan tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ 250 cc péré ni wọ́n ń gùn, báàgì irinṣẹ́ sì kún ẹ̀yìn ẹ̀ bíi ti ẹni tó ń kó kúrò nílé. Bàbá Tíṣà la máa ń pè wọ́n. Mo wo báìkì wọn, mo wo tèmi, inú mi dùn. Ẹni tó ń ṣíwájú, Balógun là ń pè é, ẹni tó sì ń bẹ lẹ́yìn pátápátá, òun ni suwípà, Bàbá Tíṣà ni suwípà wa. Mo rò pé nítorí báìkì wọn ò lágbára ni wọ́n ṣe fi wọ́n sẹ́yìn. Ẹ̀gàn ló ń ṣe mí.

Ìrìn àkọ́kọ́ tí mo bá wọn lọ jẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2021, Ìkógòsì la ń lọ, ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn pàdé nílé epo kan lẹ́bàá Berger ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Agogo mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé, epo inú táńkì mi ò tó nǹkan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ tò sórí láìnì, àwọn èèyàn mẹ́tàlá jókòó lórí báìkì wọn tí wọ́n ń wò mí. Kò sẹ́ni tó bú mi. Obìnrin báńkì yẹn kàn mú bíìrò jáde, ó kọ orúkọ mi, ó ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, owó ìpẹ́lẹ́yìn, kí n san án tí a bá débẹ̀. Látọjọ́ yẹn, alẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ìrìn ni mo máa ń ra epo, tí mo máa ń fi géèjì wo táyà, tí mo máa ń fi òróró sí ṣéènì.

Bàbá Tíṣà wo ẹrù mi. Báàgì tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà sí ni mo kó aṣọ sí, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, mo sì tún fi okùn rọ́bà kan so báàgì kejì mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n tú gbogbo ẹ̀, wọ́n kó èyí tó wúwo sísàlẹ̀, wọ́n fi okùn pẹlẹbẹ méjì dì í lọ́nà àgbélébùú, wọ́n fa á títí tí kò mì mọ́. Wọ́n ní "Ẹrù tó bá ń mì nílé epo, á já bọ́ ní Ògèrè." Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé omi mímu mi dà. Mi ò mú omi kankan.

Kí a tó gbéra Balógun ṣàlàyé ìtò fún wa. A ò ní máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wa, bí eyín ayùn la máa ṣe: Balógun gba apá òsì léènì, ẹni tó tẹ̀lé e gba apá ọ̀tún, ẹnì kẹta tún gba òsì, báyìí-báyìí títí dé ẹ̀yìn, kí olúkúlùkù lè ní ibi tó máa yà sí tí gálọ́ọ̀pù bá yọ lójijì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti sún mọ́ ẹni iwájú jù, ẹ wo òpó iná kan, tí ẹni tó wà níwájú yín ní apá kan náà bá ti kọjá níbẹ̀ ẹ rọra ka ení, èjì, tí ẹ bá dé òpó yẹn kẹ́ ẹ tó ka èjì tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Tí a bá dé ibi tó kọ́nà, kò sí eyín ayùn mọ́, ẹyọ-ẹyọ la máa tò.

Ọwọ́ òsì ló ń sọ̀rọ̀, torí ọwọ́ ọ̀tún ò gbọdọ̀ kúrò lára ọwọ́ iná tí a fi ń sáré. Ìka kan sókè, ẹ tò lẹ́yọ-ẹyọ. Ìka méjì, ẹ padà sí eyín ayùn. Tó bá na ọwọ́ òsì sílẹ̀, kòtò wà lósì, tó bá yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún síta, kòtò wà lọ́tùn-ún. Tó bá fọwọ́ gbá orí akoto, ọlọ́pàá ń bẹ níwájú. Tó bá ń gbá táńkì, epo ti fẹ́ tán. Ẹni tó bá rí àmì gbọ́dọ̀ ṣe é fún ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé Balógun nìkan ló mọ̀ pé kòtò wà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí mi ò kà sí rárá lọ́jọ́ yẹn, ni pé olúkúlùkù ló ni ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Tó ò bá rí iná ẹ̀ nínú dígí ẹ mọ́, rọra. Tó o bá dé ìkóríta, dúró títí á fi yọ.

Ipò kejì ni wọ́n fi mí sí, lẹ́yìn Balógun gan-an. Mo ní ẹ wò ó, wọ́n mọyì báìkì mi. Àṣé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi àwọn tuntun sí, kí Balógun lè máa wò wọ́n nínú dígí kó sì máa fi agbára wọn díwọ̀n eré.

A kọjá Kárà, oòrùn ò tíì yọ, àwọn màlúù ti ń jí nísàlẹ̀ afárá, afẹ́fẹ́ tutù, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń kọrin nínú akoto. Ọgọ́rùn-ún kìlómítà láàárín wákàtí kan ni Balógun ń sá, kò kọjá bẹ́ẹ̀, ó ń bí mi nínú torí pé báìkì mi lè ṣe ìlọ́po méjì ẹ̀ kó má sì mí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bí Balógun bá ń sá 100, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè máa sá 130. Bó ṣe rí ni pé, tí táńkà kan bá wọ àárín wa, tí àwọn ìdajì bá kọjá, àwọn ìdajì tó kù á dúró, tí àyè bá wá ṣí wọ́n á sáré láti lé wa bá, ẹni ìkẹyìn ló máa sáré jù torí àlàfo tiẹ̀ ló gùn jù. Àti ẹni ìkẹyìn yẹn, bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé lórí 250. Gbogbo ìgbà tí Balógun bá fún un níná díẹ̀ níwájú, Bàbá Tíṣà ló ń san gbèsè ẹ̀ lẹ́yìn.

Ìbàdàn la ti ra epo. Epo mi ò tíì dé ìdajì, mo ní kí ló dé tí a ń dúró. Wọ́n ní táńkì tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ ló ń sọ ibi tí a máa ti ra epo, kì í ṣe èyí tó tóbi jù. Mo mí kanlẹ̀. A gba ọ̀nà Ifẹ̀, a kọjá omi Aṣéjìrẹ́, a dúró ní Ìkirè kí àwọn tó fẹ́ ra dòdò lè rà á, ẹ mọ dòdò Ìkirè, dúdú kirimú nínú ewé, ata ẹ̀ á ta ọ lẹ́nu títí dé Gbọ̀ngán. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọrùn ọwọ́ mi ti kú. CBR yẹn, ńṣe lèèyàn ń dojú bolẹ̀ lórí ẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ nílẹ̀, ó dáa fún Third Mainland, àmọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta gbogbo ara mi wà lórí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Mi ò lè ṣí ike omi. Bàbá Tíṣà ló bá mi ṣí i, tí wọ́n sì ń sọ ìtàn ọ̀nà yẹn fún wa bí ẹni wà ní kíláàsì, bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ṣe ń pa èèyàn láyé ọjọ́un, bó ṣe sú Wọlé Ṣóyínká tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ nígbà yẹn, tó kọ́kọ́ kó àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó jọ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí ìjọba àpapọ̀ tó wá dá FRSC sílẹ̀ ní 1988 tí wọ́n fi òun náà ṣe alága àkọ́kọ́. Àwọn yòókù ń gbọ́. Èmi ń wo báìkì mi, mò ń wo oòrùn.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ kí a tó dé Iléṣà. Kò pọ̀, kò tó ìṣẹ́jú ogún, a sá sábẹ́ ilé epo, ó dá. Òjò tó burú jù fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìyẹn o, mi ò mọ̀. Látoṣù bíi mélòó tí òjò ò ti rọ̀, gbogbo òróró àti dísù tí tírélà ń kán sílẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọ̀dà, òjò àkọ́kọ́ ló máa jí i dìde, tó máa léfòó sójú ọ̀nà kó tó ṣàn lọ. Òjò ńlá tó ti rọ̀ fún wákàtí méjì sàn ju òjò kékeré yẹn lọ.

Nígbà tí a gbéra ní Iléṣà ìtò ti yí padà, mo di ẹnì kẹfà, obìnrin báńkì yẹn ló wà níwájú mi. Obìnrin náà mọ báìkì gùn jù mí lọ jìnnà, mo lè sọ ọ́ báyìí, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ohun tí mo rí ni pé obìnrin ń fi mí sẹ́yìn, ó sì ń rọra lọ. A yà ní Ìwárajà, òkè bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláàyè yẹn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ bó ṣe ń ká bí ejò láàárín àpáta, òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Balógun ti na ìka kan sókè. Mo rí i dáadáa. Mo lọ́ ọwọ́ iná, mo kọjá lára obìnrin náà, mo ń lọ sára ẹni tó wà níwájú ẹ̀.

Kọ́nà kan wà níbẹ̀ tó ká sósì. Bí mo ṣe ń wọ inú ẹ̀ mo rí nǹkan lórí ọ̀dà tó ń tàn bí òṣùmàrè, búlúù, pupa, àwọ̀ ewé, ó rẹwà, bí Ọlọ́run ṣe rí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó rẹwà. Dísù ni. Mo wá wo gọ́tà tó wà lápá ọ̀tún, gọ́tà jíjìn tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, mo ní lọ́kàn mi pé n ò gbọdọ̀ bọ́ síbẹ̀, mo sì tẹjú mọ́ ọn. Ibi tójú ẹni bá wà ni báìkì ń lọ, kì í gbọ́ ohun téèyàn ń sọ lọ́kàn, ojú ló ń tẹ̀ lé. Ó ń sún lọ síbi gọ́tà, ẹ̀rù bà mí, mo fún bíréèkì iwájú lójijì, táyà iwájú yọ̀ bí ọṣẹ lábẹ́ mi. Mi ò rántí ìgbà tí mo ṣubú. Mo rántí ìró ike tó ń họ ilẹ̀. Mo rántí pé mò ń yọ́ lọ lórí ìdí bí ọmọdé tó ń ṣeré lórí amọ̀, báìkì ń yọ́ lọ níwájú mi, ó kan etí gọ́tà, ó dúró.

Mo wà láàyè. Akoto ò kan ilẹ̀. Gílọ́ọ̀fù ọwọ́ òsì ti ya àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi ò bó. Jíínsì tí mo wọ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ ya á ni, orúnkún mi bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe orúnkún. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n rọra kọjá lára mi, ọ̀kan, èkejì, wọ́n wò mí, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ. Mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní báyìí ni ẹgbẹ́ yín rí?

Òfin ni, ìgbà tó yá ni mo mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa báìkì sínú kọ́nà, torí tírélà tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ò rí yín, ẹni kan tó ṣubú á di ẹni mẹ́wàá. Wọ́n máa lọ síbi tó tẹ́jú níwájú ni, wọ́n á pa á síbẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ẹni tó ń dúró ti ẹni tó ṣubú ni ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, àti suwípà. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi nígbà yẹn ni obìnrin báńkì. Ó ti pa báìkì tiẹ̀ sínú koríko, ó ń sáré bọ̀.

Bàbá Tíṣà dé. Wọn ò tiẹ̀ kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Ìsàlẹ̀ kọ́nà yẹn ni wọ́n ti dúró, wọ́n gbé kọ́ṣọ̀n onígun mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n tún ya igi tútù, ewé rẹpẹtẹ, wọ́n tò ó sójú ọ̀nà bíi mítà ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn, wọ́n wá rọra rìn gòkè bọ̀ pẹ̀lú ìyókù ewé lọ́wọ́. Tírélà kan gòkè bọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo gbọ́ bó ṣe ń já jíà sílẹ̀ nígbà tó rí ewé. Mo máa ń rántí ìró yẹn. Ó rọra kọjá lára wa, awakọ̀ ní "Ẹ kú ewu o."

Bàbá Tíṣà ní "Ṣómólú, na ọwọ́. Na ẹsẹ̀. Ta lààrẹ?" Mo dáhùn. Wọ́n ní "O ò tíì kú. Dìde ká gbé e."

Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ti kán, ibi tí wọ́n fi ń já jíà ti tẹ̀ wọnú, ike ẹ̀gbẹ́ ti họ tán. Bàbá Tíṣà gun 250 wọn lọ sínú ìlú, wọ́n mú mẹkáníìkì ọlọ́kadà kan bọ̀, ọmọkùnrin bíi ọdún mẹ́tàlélógún, àpò sìmẹ́ńtì ló kó irinṣẹ́ sí. Ó wo báìkì mi, mo rò pé ó máa sọ pé òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ó fi páìpù irin kan há ibi jíà, ó tẹ ẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan. Ó mú ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì Bajaj tó ti lò rí jáde, kò bá a mu, ó jókòó sórí òkúta ó ń fi fáìlì fá a, ó dán an wò, ó tún fá a, bíi ìṣẹ́jú márùnlélógójì, ó wọlé. Mo ní ṣé ó ti tún irú báìkì yìí ṣe rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kadà náà ni, ó kàn sanra ni." Màámi ni mo rántí. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló gbà, mo fún un ní márùn-ún, ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì Bajaj yẹn ni mo fi dé Èkó, òun ni mo sì fi ta báìkì yẹn lẹ́yìn ọdún kan.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Ìkógòsì a jẹ iyán, a ti ẹsẹ̀ bọ inú omi, àwọn èèyàn ń ṣeré, orúnkún mi ń ta mí nínú omi gbígbóná yẹn bí ẹni fi ata sí i. Mò ń retí pé Balógun á lé mi kúrò lẹ́gbẹ́. Ohun tó sọ ni pé "Tí a bá ń padà lọ́la, ẹ̀yìn lo wà, ìwọ àti Bàbá Tíṣà." Mo rò pé ìyà ni. Àmọ́ ẹ̀yìn yẹn ni mo ti mọ ìrìn.

Ẹni tó bá wà níwájú, ọ̀nà ló ń rí. Ẹni tó wà lẹ́yìn, èèyàn ló ń rí. Mo rí i pé ọ̀gá Ládípọ̀ máa ń fà sọ́tùn-ún tó bá ti rẹ̀ ẹ́, pé dókítà eyín máa ń gbàgbé láti pa iná yíyà, pé ọmọdékùnrin kan máa ń mi orí lọ́nà kan tí oorun bá ń kùn ún, Bàbá Tíṣà á fún iná, wọ́n á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ yẹn á jí. Ká tó dé Ìbàdàn wọ́n ti fi àmì ránṣẹ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì kí a dúró. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Bàbá Tíṣà ni. Balógun náà ò ju pé ó ń gbé eré tí ẹ̀yìn bá fún un láyè.

Mo bá wọn wà lẹ́yìn fún bí ọdún méjì. Gbogbo ohun tó wà nínú báàgì wọn tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo ti rí ìlò ẹ̀: ohun tí wọ́n fi ń dí táyà tí kò ní túùbù, pọ́m̀pù kékeré tó ń lo iná báìkì, wáyà, téèpù dúdú, ọwọ́ bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan, fíúùsì, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tí oòrùn bá mú, àti ìṣù bọ́tìnnì kan tí mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe títí dòní.

Ìjà ẹgbẹ́ wà o, mi ò ní parọ́. Owó ló máa ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ẹnì kan á ní òun ò mu ọtí, kí ló dé tí òun á fi dá owó ọtí, òótọ́ ló sọ, a ò sì tètè gbọ́, ọdún kan gbáko la fi jà kí a tó pín in pé owó yàrá àti oúnjẹ nìkan la máa jọ dá, kí olúkúlùkù ra ọtí ẹ̀ fúnra ẹ̀, nígbà tí báìkì bá sì ti wọlé sùn tí kọ́kọ́rọ́ sì ti kúrò lára ẹ̀ ni ọtí máa wáyé. Ẹlòmíì á gbé ọ̀rẹ́bìnrin wá láì sọ, ìyẹn ò ní akoto, ó wọ sálúbàtà. A máa ń dá irú ẹ̀ padà nílé epo, tọwọ́-tẹnu, kò sí ìtìjú. Àwọn oní-fọ́tò náà ń bẹ, tí wọ́n fẹ́ ká dúró sójú afárá ká ya fọ́tò, afárá tí táńkà ń gbà. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá wá, látìgbà tí Èkó ti fòfin de ọ̀kadà láwọn ibì kan ní 2020, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ fẹ́ mọ ìyàtọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín pé, kí láísẹ́ǹsì yín sì ní Class A, torí ẹni tó ní ti mọ́tò nìkan ò ní ẹnu ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá dá a dúró, èmi náà wà lára wọn nígbà kan.

Ní May 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, tí lítà kan fò láti bíi 185 náírà lọ sí nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìrìn wa dín kù. Àwọn báìkì ńláńlá ń jókòó sílé. Ọjọ́ yẹn ni 250 Bàbá Tíṣà di ọba. Lítà kan gbé wọn jìnnà ju ibi tó ń gbé CBR dé lọ. Èmi náà ti ta CBR nígbà yẹn, V-Strom 650 tókúnbọ̀ ni mo ń gùn, tí èèyàn ń jókòó lórí ẹ̀ bí ẹni wà lórí àga, ọrùn ọwọ́ mi ti bọ̀ sípò.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e a lọ sí Ìdánrè. Bàbá Tíṣà ò lọ, ojú ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀. Èmi ni suwípà. Wọ́n gbé báàgì yẹn fún mi pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, bọ́tìnnì wà níbẹ̀. Ẹni tuntun kan bá wa lọ, ọmọ dáadáa, páwà báìkì Yamaha R6 aláwọ̀ búlúù ló ń gùn, gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀ ló ń dán. Balógun fi í sí ipò kejì, mo sì rí bó ṣe ń gbọn èjìká nígbà tí wọ́n pè é síbẹ̀, inú ẹ̀ dùn. Mo dákẹ́.

Nígbà tí a fi máa kúrò ní Ìkirè ó ti bọ́ sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ mi. Ó dúró lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ tọ̀. Ó dúró lẹ́ẹ̀kejì, ọrùn ọwọ́ ń dùn ún. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kòkòrò kan wọ inú akoto ẹ̀, ó bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń jó bí eégún, mo pa báìkì mi sínú koríko mo ya ewé tútù mo tò ó sẹ́yìn wa kí n tó lọ bá a. Kòkòrò ti lọ, ó ti ta á létí, etí ẹ̀ wú bí àkàrà. Oòrùn mú gan-an. Ọ̀nà dá páropáro níwájú, kò sí ìró báìkì kankan.

Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò ti fi wá sílẹ̀?"

Mo ní kó mu omi. Kò mú omi dání, mo fún un ní tèmi. A rọra lọ, nǹkan bíi 70, mò ń wo bó ṣe ń wo ọ̀nà. Ibi tí èèyàn ti ń yà sí ọ̀nà Oǹdó, lábẹ́ igi kan, obìnrin báńkì wà níbẹ̀, ó bọ́ akoto, ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ewé dòdò Ìkirè mẹ́rin ti ṣófo níwájú ẹ̀, ó ń lá ìka. Ó ní òun fi ọ̀kan pamọ́ fún wa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a pẹ́.